Epo tó ti pẹ́ nínú mọ́tò tó ti dúró: èwo ló ṣì wúlò, èwo ni kóo má wulẹ̀ fọwọ́ kàn

Àbúrò kan kọ̀wé láti Ìbàdàn, mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò mẹ́ta ló dúró nínú kọmpáǹdù bàbá wa. Ọ̀kan ni Peugeot 504, láti bíi 2005 ni wọn ò ti gbé e jáde mọ́. Èkejì ni Camry Big Daddy tí bàbá pa tì ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn torí owó epo. Ẹ̀kẹta ni Golf 3 tí wọ́n gbá níwájú, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù fẹ́ wá gbé 504 àti Golf lọ. Mo mi àwọn mọ́tò náà, mo gbọ́ tí epo ń dún nínú táńkì wọn. Ṣé mo lè fà á síta, kí n sẹ́ ẹ, kí n dà á sínú jẹnẹrétọ̀ àti Corolla mi? Ẹnì kan ní kí n fi káńfọ̀ sí i kó lè lágbára padà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní kí n da gbogbo ẹ̀ nù, pé epo kì í ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́."

Àbúrò, o káre tóo béèrè kóo tó fi ẹnu sí rọ́bà. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èsì, lẹ́yìn náà ni màá wá ṣàlàyé. Epo inú Camry ṣeé lò, kò nílò idán kankan, kóo ṣáà da tuntun mọ́ ọn. Ti Golf, àyẹ̀wò ló máa sọ, ṣùgbọ́n má fọkàn sí i jù, tó bá tiẹ̀ yege pàápàá jẹnẹrétọ̀ ló máa lò ó, kì í ṣe Corolla. Ti 504, fi í lẹ̀ jàre. Ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà ní Houston kò parọ́ o, ibi tó ń gbé ló ń sọ. Ẹni tó ní kóo fi káńfọ̀ sí i, a ṣì máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí epo nìyí. Bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan, àdàlù ni, oríṣi tó wà nínú ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn kan fúyẹ́ débi pé bóo bá ti ṣí ìdérí báyìí wọ́n ti ń fò lọ, àwọn kan wúwo, wọ́n á jókòó. Àwọn tó fúyẹ́ yẹn ni ẹ́ńjìnnì fi máa ń jí láàárọ̀ tí ara ẹ̀ ṣì tutù, torí náà tí wọ́n bá ti lọ, èyí tó kù ṣì lè jó o, àmọ́ wàá fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí apá á fi máa ro ẹ́. Ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì rọrùn jù láti tún ṣe, nítorí tóo bá ti da epo tuntun mọ́ ọn, àwọn tó fúyẹ́ ti padà dé.

Èkejì ló le. Ọ́síjìn inú atẹ́gùn máa ń wọ inú epo díẹ̀díẹ̀, ooru ń ràn án lọ́wọ́, ìpẹtà àti bàbà tó wà lára páìpù náà ń ràn án lọ́wọ́, títí apá kan nínú epo yẹn á fi di gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe ìdọ̀tí tó léfòó o, ó ti yòrò sínú epo, ojú kì í rí i dáadáa, àfi ìgbà tí epo bá gbẹ tán lára nǹkan ló máa ń fara hàn, ibi tó sì máa ń gbẹ sí ni ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀, ẹnu ínjẹ́kítọ̀, àti ọrùn fáàfù tó ń gba epo wọlé. Fáàfù á lẹ̀ mọ́ ilé ẹ̀, kò ní lè padà jókòó, ìwọ á máa ta jẹnẹrétọ̀, kò ní dáhùn, tàbí kí ọ̀pá tó ń tì í tẹ̀ kọrọdọ, owó tóo rò pé o pa mọ́ á wá di ti mẹkáníìkì. Ẹ̀kẹta ni omi. Táńkì tí kò kún máa ń mí, tí oòrùn bá mú un atẹ́gùn á jáde, tó bá di òru atẹ́gùn tútù á wọlé, pàápàá lásìkò òjò tí atẹ́gùn ń gbé omi, omi yẹn á wá kó jọ sí ìsàlẹ̀ torí pé ó wúwo ju epo lọ, líta omi kan kílò kan ni, líta bẹntiróòlù kò ju nǹkan bíi 0.72 sí 0.77 kílò lọ.

Ṣé o wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ sísẹ́ wà? Aṣọ tàbí fílítà tóo bá fi sẹ́ epo á mú ìpẹtà, á mú iyanrìn, èyí tó dáa gan-an nínú wọn lè dá omi dúró, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù á bá epo kọjá wẹ́rẹ́, kò sí aṣọ tó lè mú un. Epo tó mọ́ yàtọ̀ sí epo tó ṣì dáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sẹ́ epo títí ó fi ń dán, tí wọ́n wá ń ṣe hàà pé kí ló dé tí ínjẹ́kítọ̀ fi dí.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n ẹ sọ, èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ní ethanol nínú, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, E10 ni wọ́n ń pè é. Ethanol jẹ́ ọtí, ọtí àti omi kì í kọ ara wọn, á máa fa omi láti inú atẹ́gùn, tó bá ti fa á débì kan, òun àti omi á jọ já kúrò lára epo, wọ́n á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ táńkì, ohun tó ṣẹ́ kù lókè á ti dínkù lágbára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì ń ta oògùn tí wọ́n ń dà sí epo tuntun kó má baà tètè gbó. Oògùn yẹn pàápàá, epo tuntun ló wà fún, kì í jí òkú. Epo tí à ń rà ní Nàìjíríà kì í sábà ní ethanol, torí náà ti wa máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i tí táńkì bá dé dáadáa, ọdún kan kò jọ mí lójú. Àmọ́ má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì 2022, nígbà tí epo tí methanol, ọtí mìíràn bíi ethanol, pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ ìlú, tí mọ́tò ń kú káàkiri, tí ìlà gùn ní ilé epo. Methanol náà fẹ́ràn omi, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin. Golf ẹ tó ń lọ sí ọdún mẹ́rin yẹn, tó bá jẹ́ pé àsìkò yẹn ni wọ́n bu epo sí i kẹ́yìn, ìyẹn tún jẹ́ ìdí mìíràn láti fura sí i.

Wàyí o, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pa epo, irú táńkì tó wà nínú ẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Camry Big Daddy ní táńkì tó dé pinpin, oru epo kì í jáde sí ìta, inú agolo kan tó ní èédú ló ń lọ, tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì á tún fà á mu. Nítorí náà èyí tó fúyẹ́ nínú epo ṣì wà níbẹ̀ púpọ̀. Táńkì Golf 3 rọ́bà ni, kì í dípẹtà, ìyẹn dáa, àmọ́ ọdún mẹ́rin ti pọ̀ o, tí wọ́n bá sì ti gbé mọ́tò yẹn sí oòrùn láti ìgbà yẹn wá, ìwọ náà mọ bí oòrùn Ìbàdàn ṣe ń ṣe. 504 ní tiẹ̀, irin ni táńkì, ihò tó fi ń mí sí ìta gbangba ni, ogún ọdún ló fi ń mí. Ohun tóo gbọ́ tó ń dún nínú ẹ̀, àárín omi, ìpẹtà àti gọ́ọ̀mù ló wà.

Nǹkan kan tún wà nípa 504 yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Kó tó di 2006, epo tó ní òjé nínú, lẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣì wà káàkiri ní Áfíríkà. Ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Dakar tí wọ́n ní àwọn á jáwọ́ ńbẹ̀, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2006 gbogbo Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà ti jáwọ́. Mọ́tò tí wọ́n pa tì ní bíi 2005, ó ṣeé ṣe kí òjé wà nínú epo ẹ̀. Òjé yẹn a máa gba ara wọlé, kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń gbà wọlé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Tóo bá sì dà á sínú Corolla, á ba ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ àti katalítíìkì tó wà lára páìpù èéfín jẹ́, àwọn méjèèjì kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ẹgbẹ̀rún méjì-mẹ́ta rà. Torí náà má fi epo 504 fọ ọwọ́, má fi fọ irin, má jẹ́ kí ọmọ kankan súnmọ́ ọn.

Ó yá, báwo lo ṣe máa mọ èyí tó dáa? Má kọ́kọ́ fa gbogbo ẹ̀ síta. Fa nǹkan bí ife kan péré sínú ìgò dígí tó mọ́, tó gbẹ, tí kò sì ní àwọ̀, dé e, gbé e sílẹ̀ níbi tí kò sí iná àti oòrùn, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà wò ó síbi ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là o! Epo tó ṣì dáa á mọ́lẹ̀ gaara, á pọ́n díẹ̀. Tó bá ti dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ó ti lọ. Tóo bá rí ìlà kan nísàlẹ̀ tó pín in sí méjì, omi nìyẹn, tàbí omi àti ọtí. Tó bá ní kùrukùru tàbí ó rú, dúró kó fi ara balẹ̀ ná kóo tó dá a lẹ́jọ́. Òórùn náà ń sọ̀rọ̀. Epo tuntun máa ń gún imú, ó mú. Èyí tó ti gbó máa ń rùn kíkan, òórùn fáníìṣì àtijọ́ ló ń mú wá, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ̀. Má tẹ imú bọ inú ìgò ṣá o, fi ọwọ́ fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ ara ẹ.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti dígí. Kán epo náà bíi méjì-mẹ́ta sórí dígí tó mọ́ tàbí àwo tánganran funfun, kóo tún kán epo tuntun tóo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, jẹ́ kí méjèèjì gbẹ fúnra wọn níta gbangba. Tuntun á gbẹ kíá, kò ní fẹ́ẹ̀ẹ́ fi àpá sílẹ̀. Èyí tó ti ní gọ́ọ̀mù á pẹ́ kó tó gbẹ, tó bá wá gbẹ tán, àmì pupa rúsúrúsú kan á wà níbẹ̀, tóo bá fi ìka kàn án á lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ohun tóo rí lórí dígí yẹn gan-an ló máa wà nínú kábúrétọ̀ ẹ. Nígbà tóo bá rí i pé ó lẹ̀, má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú mọ́, epo yẹn kò sí fún ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń ṣáná sí i láti wò ó bóyá á jó, ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún èèyàn, fáníìṣì náà ń jó, ìyẹn kì í ṣe epo mọ́tò.

Nípa fífà á síta, ibí yìí gan-an ló yẹ kóo fara balẹ̀ kà. Má fi ẹnu fà á. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la rí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń fi ẹnu fa epo, tí wọ́n á tu ú dànù, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bẹntiróòlù tó bá gba ikùn lọ kò burú tó èyí tó bá yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ti tó láti mú kó wú, kí èèyàn máa mí gúlegúle, ó sì lè pa èèyàn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, wọn ò gbọdọ̀ mú un bì, wọn ò gbọdọ̀ fún un ní epo pupa mu, bí gbogbo ìyá ṣe máa ń sáré gbé epo pupa yẹn, torí pé tó bá bì, ọ̀nà ọ̀fun ni bẹntiróòlù yẹn á tún gbà padà wá, ẹ̀ẹ̀kejì tó fẹ́ yà sí ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí lára ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kódà kó jẹ́ pé ikọ́ díẹ̀ ló ń hú.

Ra pọ́ńpù ọwọ́, èyí tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà láàárín tí à ń tẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń ta nǹkan mọ́tò máa ń ní in, kò wọ́n. Ra rọ́bà tó mọ́ gaara kóo lè máa rí àwọ̀ ohun tó ń bọ̀. Kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju táńkì lọ, tóo bá ti tẹ bọ́ọ̀lù yẹn títí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sàn, á máa wá fúnra ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnu rọ́bà tó wà nínú táńkì kan ìsàlẹ̀, gbé e sókè tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, ibi ìsàlẹ̀ yẹn ni omi àti ìpẹtà wà. Má sì mi mọ́tò mọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú, jẹ́ kí ohun tó fẹ́ rọ̀ rọ̀. Èyí tó kù nísàlẹ̀, tóo bá fẹ́ fà á, inú kẹ́ẹ̀gì mìíràn ni kó lọ.

Camry kì í fẹ́ kí rọ́bà gba ẹnu táńkì wọlé, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó jáde láti àárín ọdún 1990 sókè ló ní nǹkan tó ń dí ọ̀nà ńbẹ̀. Tí rọ́bà tín-ín-rín kò bá wọlé, má fi ipá tì í, á há sínú. Gbé àga ẹ̀yìn sókè, wàá rí páànù kékeré kan tó bo fúẹ̀lì pọ́ńpù, ibẹ̀ ni mẹkáníìkì á ti ṣí i. Kó tó ṣí i, ẹ tú bátìrì, kì í ṣe lẹ́yìn tí òórùn epo ti gba inú mọ́tò o, kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn táńkì àtijọ́ mìíràn ní nọ́ọ̀tì nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń jò ó, ṣùgbọ́n tó bá ti dípẹtà má fi òòlù nà án. Ẹ má lu táńkì, ẹ má fi ìṣó lù ú, ẹ má fi dírílì lù ú, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é níbi tí wọ́n ti ń tú kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, iná kékeré kan tó ta pàrà ló ń dúró dè wọ́n.

Torí kí ni mo ṣe ń sọ gbogbo èyí? Epo fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń gbaná, oru ẹ̀ ni. Bẹntiróòlù máa ń rú oru tó lè gbaná kódà tí tútù bá dé ogójì ní ìsàlẹ̀ òdo, ká má wulẹ̀ sọ Ìbàdàn. Oru yẹn wúwo ju atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í gòkè, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, á rin ilẹ̀ lọ títí á fi bá ààrò màmá tó ń dín àkàrà, tàbí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Tó bá ti wà nínú atẹ́gùn láàárín ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti tó. Torí náà ìta gbangba ni, àárọ̀ kùtù ló dáa jù, kó jìnnà sí ilé ìdáná, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, kí kẹ́ẹ̀gì wà nílẹ̀, kì í ṣe lórí búùtù tàbí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ náírọ́ọ̀nù tó máa ń ta pàrà yẹn, bọ́ ọ sílẹ̀, wọ aṣọ òwú, fọwọ́ kan irin mọ́tò kóo tó fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì. Yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ garawa kan kó wà nítòsí, má gbé omi, epo á léfòó lórí omi, iná á sì tẹ̀ lé e lọ.

Kẹ́ẹ̀gì náà, má kún un dé ẹnu, fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ torí ooru á mú un wú. Kọ orúkọ mọ́tò àti ọjọ́ tóo fà á sára ẹ̀, má da ti Camry mọ́ ti Golf, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wàhálà ló máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tó dáa á wá di èyí tí kò dáa. Má gbé e sínú ilé, má gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn, má sì bu ú sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà láéláé, òùngbẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé béèrè.

Ó wá ku àdàlù. Kí n sọ òótọ́ fún ẹ, ti Camry yẹn, kò tiẹ̀ pọn dandan kóo fa nǹkan kan síta. Táńkì ẹ̀ ń gba nǹkan bí 70 líta. Tó bá jẹ́ pé bíi líta mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀, tó yege lórí dígí, tí omi kò sí nínú ìgò, lọ ra epo tuntun, bu ogójì líta lé e lórí, tún bátìrì ṣe, wo ọ́ìlì, kóo tó ta ẹ́ńjìnnì. Ìdá kan nínú márùn-ún ni epo àtijọ́ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì kò ní fẹ́ẹ̀ẹ́ mọ̀. Gbé e jáde kó rìn dáadáa, má gbé e padà sílẹ̀ pẹ̀lú àdàlù yẹn, lò ó tán. Tóo bá wá fẹ́ fi sí Corolla dandan, nítorí pé Camry kò ní jáde mọ́, ìdá kan sí mẹ́rin tàbí márùn-ún náà ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Golf, tó bá kọjá lórí dígí pẹ̀lú àmì fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìdá kan sí mẹ́wàá, jẹnẹrétọ̀ tó ní ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni kóo lò ó sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, I better pass my neighbour yẹn, yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kábúrétọ̀ ẹ̀ kéré, plọ́ọ̀gì ẹ̀ kì í pẹ́ dúdú, tí epo tó ti gbó bá tún kún un, ojoojúmọ́ ni wàá máa fọ̀ ọ́. Epo tuntun nìkan ni kóo fi ta jẹnẹrétọ̀, tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, pa á, jẹ́ kó tutù kóo tó bu àdàlù sí i díẹ̀díẹ̀, má bu epo sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Nígbà tóo bá fẹ́ pa á, ti kọ́ọ̀kì epo, jẹ́ kó jó ti inú kábúrétọ̀ tán fúnra ẹ̀, kó máa baà sí èyí tó máa gbẹ síbẹ̀. Tóo bá rí i pé ó ń sá sókè sá sílẹ̀, tàbí pé ó ń yọ èéfín dúdú, dáwọ́ dúró, bu àdàlù yẹn kúrò.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, pé ó ń jẹ́ kí epo pẹ́, pé ó ń fún mọ́tò lágbára. Káńfọ̀ tí wọ́n ń ta lójà, naphthalene ni àwọn kan, ó máa ń yòrò nínú epo lóòótọ́, ó sì ń jó, ṣùgbọ́n tí epo bá gbẹ, òun náà á tún dì padà síbi ihò tín-ín-rín kan náà tí gọ́ọ̀mù ń dí. Àwọn mìíràn kì í ṣe naphthalene mọ́, kẹ́míkà mìíràn tó ní chlorine nínú ni wọ́n, tí chlorine bá jó nínú ẹ́ńjìnnì ó ń di ásíìdì. Kò sí bí ìwọ á ṣe fi ojú mọ̀ èwo ni èwo. Káńfọ̀ kò ní lé gọ́ọ̀mù jáde, kò ní lé omi jáde, kò ní dá èyí tó ti fò lọ padà. Fi í sáàárín aṣọ.

Kí lo máa wá ṣe sí èyí tí kò yege? Mo mọ̀ pé ibí yìí ló le jù nílẹ̀ wa. Má dà á sí gọ́tà, má dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kànga tí ẹ ń pọn kò jìnnà, benzene inú epo máa ń bá omi rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Má dà á mọ́ kẹrosíìnì, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kóo gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, má dà á mọ́ kẹrosíìnì láéláé, má bu ú sínú sítóòfù tàbí àtùpà, má tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi "lú" nǹkan. Ìdílé tó ti jóná ní Nàìjíríà nítorí kẹrosíìnì tí wọ́n fi bẹntiróòlù lú kò lóǹkà. Má dà á sínú dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì àlòkù mẹkáníìkì náà, àwọn tó ń ra ọ́ìlì yẹn ń lọ dáná sí i ni, wọn ò mọ̀ pé bẹntiróòlù wà ńbẹ̀. Fi í sínú agolo irin tó dé dáadáa, kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kò ṣeé lò, gbé e síbi tí oòrùn kò dé, kóo wá ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti kó ìdọ̀tí olóró. Yóò ná ẹ lówó díẹ̀, mo mọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má tètè fa epo tí wọn ò ní lè lò, tó bá ti jáde kúrò nínú táńkì, wàhálà ẹ ló dà.

Ní ti iye, ìwọ náà ṣírò ẹ̀. Lóòótọ́ epo ti kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó wà kó tó di May 29, 2023, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo nígbà tó fi máa di ìparí 2024, mi ò bá ẹ wí tóo ń wo gbogbo ẹ̀kán tó wà nínú kọmpáǹdù. Líta mẹ́wàá inú Camry, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n líta mẹ́fà tó jẹ́ fáníìṣì nínú Golf, tí wàá fi ba ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rin jẹ́, kò sí èrè níbẹ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ wá gbé 504 àti Golf náà, bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wá. Ní Britain àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ló sọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fa epo kúrò nínú mọ́tò kí wọ́n tó fọ́ ọ, ní Amẹ́ríkà àwọn tó ń tú mọ́tò sábà máa ń lo èyí tó bá ṣì dáa sínú àwọn mọ́tò iṣẹ́ tiwọn. Níbi tiwa, gáàsì ni wọ́n máa gbé wá, wọ́n á fẹ́ gé e sí wẹ́wẹ́ nínú kọmpáǹdù yín kó lè rọrùn láti gbé. Má gbà. Táńkì tó ti ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, èyí tó kún kò ní atẹ́gùn nínú, èyí tó ṣófo kún fún oru àti atẹ́gùn, iná gáàsì kan ló kù. Kí wọ́n tú táńkì méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú sípánà, kí wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan níta, kí wọ́n gbé ìyókù lọ gé ní ọ̀dọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ní owó tí àwọn máa san á dínkù nítorí ìyẹn, jẹ́ kó dínkù.